Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Omi àti Ọkọ̀ Rìmóòtù

Ní ọdún 1898, Nikola Tesla gbé ọkọ̀ ojú omi kékeré kan wá sí Madison Square Garden ní ìlú New York. Ó gbé e sínú omi, ó dúró lókèèrè, ó sì ń darí rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Rédíò ló fi ń pàṣẹ fún un. Ẹnu ya àwọn tó ń wò ó.

Lónìí, àgbàlagbà àti ọmọdé ló ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré lórí ilẹ̀ àti lórí omi. Ọkọ̀ rìmóòtù là ń pè é. Inú omi ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ omi lè bà á jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀kọ́ yìí yóò ṣàlàyé ìdí rẹ̀ àti ohun tí a lè ṣe sí i.

Ohun tó wà nínú ọkọ̀ náà

Ẹ ṣí ìdérí ọkọ̀ rìmóòtù ti orí ilẹ̀. Ẹ ó rí ohun márùn-ún:

1. Bátìrì. Òun ló ń fún àwọn yòókù ní iná.
2. Rìsífà. Etí ọkọ̀ nìyí. Ó ń gbọ́ àṣẹ tó wá láti ara rìmóòtù ọwọ́ yín.
3. Ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n iná. ESC ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Òun ló ń pinnu iye iná tí ẹ́ńjìnnì yóò gbà, kí ọkọ̀ lè sáré tàbí kó rọra.
4. Servo. Ọwọ́ ọkọ̀ nìyí. Ó ń yí táyà iwájú sọ́tùn-ún àti sósì.
5. Ẹ́ńjìnnì. Òun ló ń yí táyà kí ọkọ̀ lè rìn.

Kí ni omi ń ṣe fún wọn?

Omi tó mọ́ pátápátá kì í gbé iná dáadáa. Iyọ̀ àti ìdọ̀tí tó yòrò sínú omi ló ń jẹ́ kí iná gba inú rẹ̀ kọjá. Omi òjò tó ṣàn lójú títì ti kó ìdọ̀tí mọ́ra. Omi òkun ló burú jù, nítorí iyọ̀ inú lítà kan rẹ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 35.

Nínú rìsífà àti ESC, bọ́ọ̀dù kan wà tí àwọn ojú irin tín-tìn-tín tò sí lára. Wọ́n sún mọ́ ara wọn bí eyín ìyarun. Bí omi bá bọ́ sáàárín wọn, iná á gba ibi tí kò yẹ kó gbà. Ọkọ̀ lè máa sáré fúnra rẹ̀, ó sì lè dákú.

Bí omi náà bá pẹ́ níbẹ̀, bàbà orí bọ́ọ̀dù á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó rí ohun aláwọ̀ ewé lára rẹ̀. Ìpẹtà bàbà nìyẹn. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ fi lè jáde nínú omi lónìí, kó sáré dáadáa, kó sì kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Bí a ṣe ń bo bọ́ọ̀dù

Ọ̀dà sílíkóònù kan wà tí wọ́n ṣe fún bọ́ọ̀dù. Bí a ṣe ń lò ó nìyí:

1. Ẹ yọ bátìrì kúrò. Ẹ tú àpótí rìsífà tàbí ESC, kí ẹ sì yọ bọ́ọ̀dù inú rẹ̀.
2. Ẹ fi isopropyl alcohol àti búrọ́ọ̀ṣì fọ bọ́ọ̀dù náà. Ẹ má ṣe é nítòsí iná, nítorí ó máa ń gbiná. Ẹ jẹ́ kó gbẹ.
3. Ẹ fi ọ̀dà náà kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bó bá gbẹ, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kejì.
4. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24 kí ẹ tó dá a padà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀dà kan ibi tí wáyà ti ń wọlé sínú ojúhò rẹ̀. Ọ̀dà náà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Bó bá dí ojúhò yẹn, ọkọ̀ kò ní í ṣiṣẹ́ mọ́.

Rìsífà kì í gbóná púpọ̀, nítorí náà ẹ lè tún gbé e sínú bàlúùnù, kí ẹ fi okùn so ẹnu rẹ̀ le. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún ESC. ESC máa ń gbóná, ó sì gbọ́dọ̀ rí afẹ́fẹ́.

Ní ti servo, ọrùn rẹ̀ tó ń yí ni omi ń gbà wọlé jù. Ẹ fi gírísì tó nípọn sí i yíká, kí ẹ sì fi sílíkóònù dí ojú ibi tí àpótí rẹ̀ ti pàdé. Ẹ gbóòórùn sílíkóònù kí ẹ tó rà á. Èyí tó bá ń rùn bíi fínígà máa ń jẹ bàbà. Ẹ má ṣe lò ó nítòsí bọ́ọ̀dù àti wáyà ọkọ̀ yín.

Ìdánwò kékeré

Bí rìsífà bá ní àpótí tirẹ̀, ẹ yọ ọ́ jáde, kí ẹ fi bébà ìnujú gbígbẹ sínú àpótí náà. Ẹ pa á dé. Ẹ rì í sínú abọ́ omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí bébà bá ṣì gbẹ, àpótí náà dára. Bó bá tutù, ẹ wá ibi tó ń jò.

Lẹ́yìn eré

Bíbò jẹ́ ìdajì iṣẹ́. Gbígbẹ ni ìdajì kejì, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé.

Bí ọkọ̀ bá ti jáde nínú omi, ẹ kọ́kọ́ yọ bátìrì. Bó bá jẹ́ omi iyọ̀, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan ọkọ̀ náà dáadáa. Ẹ gbọn omi dànù, kí ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ má ṣe rì í sínú ìrẹsì, nítorí afẹ́fẹ́ ló ń mú kó gbẹ. Bó bá ti gbẹ, ẹ kán òróró ẹ̀rọ sí bíárìn ẹ́ńjìnnì àti ti táyà, kí wọ́n má baà dípẹtà.

Bátìrì tó bá wú, tàbí tí omi iyọ̀ wọ inú rẹ̀, lè gbiná. Ẹ gbé e síta, jìnnà sí ilé. Ẹ má ṣe ṣáàjì rẹ̀ mọ́.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí omi òkun fi burú ju omi òjò lọ?
2. Kí ló dé tí a kì í fi bàlúùnù bo ESC?
3. Kí ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣe bí ọkọ̀ bá jáde nínú omi?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí òjò bá bá ọkọ̀ yín níta, ẹ má ṣe gbé e pamọ́ ní tútù. Ẹ yọ bátìrì, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọkọ̀ tí a bò dáadáa, tí a sì jẹ́ kó gbẹ lásìkò, ló ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹni.