Ẹ̀KỌ́ WA: ÈLÓ NI KÍ A NÁ ILÉ ÒGBÓLÓGBÒÓ?

Ẹ̀yin ará, bí a bá rí ilé tí ń jò ní Agége, kí a má ṣe ti iye tí onílé pè bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Kí a kọ́kọ́ yẹ ìwé rẹ̀ wò ní Aláùsá. Lẹ́yìn náà, ká ní irú ilé bẹ́ẹ̀ tí a ti tún ṣe ń lọ ní mílíọ̀nù 40 náírà. Ẹ yọ 9 fún bírìkìlà àti káfíńtà; 4 fún agbẹjọ́rò àti àṣẹ gómìnà, tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 béèrè; 3 fún àbùkù tí ó fara sin; 4 fún èrè. Ó ku 20. A kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. 16 ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Bí onílé bá kọ̀, ẹ jẹ́ kí a máa lọ. Owó alájẹṣẹ́kù ni, òógùn ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni.