Bí Omi Bá Tán Lára Ọmọ

Kò sí ẹ̀yà ara kan tí ń dá ṣiṣẹ́. Ẹ wo ọmọ ọwọ́ tí ìgbẹ́ gbuuru ń yọ lẹ́nu. Ìfun ni àìsàn náà mú, ṣùgbọ́n láti inú ẹ̀jẹ̀ ni omi tí ń dànù ti ń wá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dín kù, ọkàn a máa lù kíákíá kí èyí tí ó kù lè dé ọpọlọ. Kíndìnrín a sì há omi mọ́wọ́, ìtọ̀ a dín kù. Ojú ọmọ a jìn, àwùjẹ̀ rẹ̀ a wọnú.

Àwọn kan a máa fi omi du irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní yóò tún yà á dànù. Ìmọ̀ràn burúkú ni. Ìfun tí ń ṣàìsàn ṣì lè gba omi bí iyọ̀ àti ṣúgà bá jọ wà nínú rẹ̀: ṣúgà ni ó ń bá iyọ̀ wọlé, omi a sì tẹ̀lé wọn. Ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí náà mọ́ lítà 1 omi tí a sè tí ó ti tutù. Kí ó má ga ju ẹnu ṣíbí lọ, nítorí àpọ̀jù iyọ̀ léwu. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, kí ìyá má sì dáwọ́ ọmú dúró. Bí kò bá lè mu, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.