Ẹrù Tí Kò Yẹ Kí Orí Rù



Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí a kì í gbọ́ ọ ní ọ́fíìsì wa pé: “Ọmọ yìí jókòó ti ìwé fún wákàtí méjì, kò rántí nǹkan kan.” Àwọn àgbà náà á ní: “Dókítà ṣàlàyé fún mi, kí n tó dé ibùdókọ̀, ó ti fò lọ.” Bí ìgbàgbé bá ń peléke sí i, ẹ sọ fún dókítà. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé orí ò lágbára. Ohun tí kò wúlò ló ti kọ́kọ́ gba àga jókòó.

Ẹ wo òde ìnáwó wa. Ìlù ń dún, sípíkà ń pariwo, síbẹ̀ ẹ ń gbọ́ ohun tí ẹni tó jókòó tì yín ń sọ. Ní ọdún 1953, Colin Cherry, olùkọ́ ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù, wádìí irú nǹkan yìí. Ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan máa gba etí ọ̀tún àwọn ènìyàn wọlé, kí òmíràn máa gba etí òsì, ó ní kí wọ́n máa tún ti etí kan sọ. Wọ́n ṣe é. Nígbà tó bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ etí kejì, wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ohun tó sọ. (Orúkọ ẹni máa ń já wọlé nígbà mìíràn, bí Neville Moray ṣe rí i ní 1959. Abájọ tí ẹ fi ń yíjú padà bí wọ́n bá dárúkọ yín ní tábìlì kejì!)

Ibi tó kàn wá jù nìyí. Ní 2005, Edward Vogel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Oregon, ní Amẹ́ríkà, fi àwòrán pupa àti búlúù han àwọn ènìyàn, wọ́n ní kí wọ́n rántí pupa nìkan. Wọ́n so wáyà mọ́ wọn lórí láti wo iṣẹ́ ọpọlọ. Bí pupa bá jẹ́ méjì, tí búlúù jẹ́ méjì, ọpọlọ àwọn tí wọ́n ń rántí dáadáa ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ru ẹrù méjì. Ti àwọn tí wọn kì í rántí púpọ̀ ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ru ẹrù mẹ́rin. Ẹ ò rí i pé àwọn tí à ń pè ní olódo gan-an ló ń ru ẹrù jù!

Ọmọ tó ń kàwé ní pálọ̀, tí tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, tí fóònù ń dún, tí bàbá ń pe Nàìjíríà lórí sípíkà, mélòó lòun ń rù? A mọ̀ pé yàrá kan ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí gbogbo nǹkan pa rọ́rọ́, tí fóònù wà nínú báàgì, tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Létà ńkọ́? Ti Home Office tàbí ti kánsù lè gùn tó ojú ewé mẹ́rin, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ kọ́kọ́ wá: kí ni wọ́n fẹ́ kí ẹ ṣe, ọjọ́ wo ló gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn, nọ́ńbà wo lẹ ó kọ sórí èsì. Ẹ fi bírò fàlà sí wọn nídìí kí ẹ tó ka ìyókù. Lọ́dọ̀ dókítà náà, kí ẹ tó dìde, ẹ sọ ọ́ padà fún un: oògùn wo, ẹ̀ẹ̀mélòó lójúmọ́, ọjọ́ wo ni kí n padà wá. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí létà bá ṣì dojú rú, ẹ gbé e wá bá wa, kí ẹ sì mú àpòòwé rẹ̀ dání, torí ọjọ́ tó wà lórí òǹtẹ̀ a máa wúlò.