Kòkó tí Àrùn Kì í Tètè Mú

Bí ẹ bá dé Ìṣẹ̀rí-Olófin lónìí, ilé àti ṣọ́ọ̀bù ni ẹ ó rí. Ó lè ṣòro láti gbà pé ẹkùn yìí wà lára ibi tí kòkó ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ní nǹkan bí 1880 ni J. P. L. Davies dá oko kòkó sílẹ̀ ní Ìjọn, nítòsí Agége. Lẹ́yìn rẹ̀ ni J. K. Coker àti àwọn àgbẹ̀ Agége mìíràn gbà á ṣe. Àwọn tí ó wá ṣe lébìrà lóko wọn wà lára àwọn tí ó gbé irúgbìn kòkó lọ sí ìlú tiwọn.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó wo àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú, a ó sì wo ohun tí à ń sọ nígbà tí a bá ní irú kòkó kan lè dènà àrùn.

Òjò ni ẹsẹ̀ àrùn

Kòkòrò àìfojúrí tí à ń pè ní Phytophthora ni ó ń fa àrùn yìí. Oríṣi rẹ̀ méjì ni ó ń yọ kòkó wa lẹ́nu: palmivora, tí ó wà káàkiri àgbáyé, àti megakarya, tí ó burú jù ú lọ, tí ó sì jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà. Inú omi ni irú ọmọ rẹ̀ ti ń lúwẹ̀ẹ́. Òjò a máa ta á láti ilẹ̀ sára èso, èèrà a máa fi erùpẹ̀ gbé e gun igi. Àmì dúdú kékeré ni a ó kọ́kọ́ rí. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo èso náà ti dúdú. Ìdí nìyí tí àrùn náà fi ń gbilẹ̀ láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹwàá. Àwọn àgbà ní òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀tá, ẹni eji rí ni eji ń pa.

Irú tí a gbìn

Amelonado ni kòkó àtijọ́ wa. Igi rẹ̀ jọra wọn bí ìbejì. Nítorí náà, àrùn tí ó bá lè mú ọ̀kan lè mú gbogbo wọn. Ní 1944, wọ́n kó irú kòkó láti Trinidad wá sí Tafo ní Ghana, èyí tí F. J. Pound ti wá rí ní òkè odò Amazon. Láti ara irú wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ ti ń da irú pọ̀. Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Kòkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1964, tí ó wà ní Gáḿbàrí nítòsí Ìbàdàn, gbé irú tuntun mẹ́jọ jáde ní 2010, láti Tc-1 títí dé Tc-8.

Àṣìṣe kan

Àbúrò bàbá mi kan ní oko kòkó ní apá Ìjẹ̀bú. Ó gbin irú tí a dà pọ̀, ó sì so dáadáa. Nígbà tí ó fẹ́ fẹ oko náà, ó ṣa èso lára igi tí ó dára jù, ó gbin kóró rẹ̀. Nígbà tí àwọn yẹn so, òmíràn dára, òmíràn jẹrà tán lórí igi. Owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ni ó bá a lọ.

Ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n rẹ́ mi jẹ."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹni tí ó fún yín ní irú àkọ́kọ́ kò rẹ́ yín jẹ. Òbí méjì ni igi yẹn ní. Bí ẹ bá gbin ọmọ rẹ̀, àbùdá àwọn òbí náà á tún pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ."

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń da irú pọ̀ ni kí á ti máa gba irúgbìn, kì í ṣe lábẹ́ igi tiwa.

Ọwọ́ àgbẹ̀

Pé igi lè dènà àrùn kò sọ pé àrùn kò lè mú un. Ẹ wo èso píìṣì ní àwọn ilẹ̀ tútù tí òjò pọ̀ sí. Àrùn kan a máa ká ewé rẹ̀ kò. Wọ́n ní irú kan tí ń jẹ́ Frost tí ó ń dènà rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń fín oògùn sí i nígbà tí ó wà ní kékeré. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn mìíràn a máa ta ìbòrí lé igi náà kí òjò má baà kàn án.

Àwa kò lè ta ìbòrí lé oko kòkó, ṣùgbọ́n a lè ṣe mẹ́rin yìí:

1. Kí á fi ẹsẹ̀ bàtà 10 sílẹ̀ láàárín igi sí igi, kí afẹ́fẹ́ lè gbẹ èso.
2. Kí á rẹ́ ẹ̀ka tí ó ṣú jọ, kí á sì dín ìbòòji kù.
3. Kí á máa ká èso tí ó dúdú ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ lásìkò òjò, kí á kó o kúrò lóko.
4. Kí á fín oògùn tí ó ní kọ́pà nínú kí àrùn tó gbilẹ̀. Igi gánńgán má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ẹ̀yin tí òbí yín ṣì ní oko kòkó, bí ẹ bá délé ní ìsinmi, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ibi tí irú tí wọ́n gbìn ti wá. Owó kòkó wà lára ohun tí ó gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ró ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955. Kò yẹ kí á jẹ́ kí ó jẹrà lórí igi.