Ẹṣin Ànábì

Ẹ̀yin ọmọ wa, kòkòrò tí ó máa ń ká apá mọ́ àyà bí ẹni ń kírun ni Lárúbáwá ń pè ní Farasun-Nabiyyi, ẹṣin Ànábì. Ẹran ló ń dè o!

Ní 1978 ni wọ́n kọ́kọ́ rí irú ti Gúúsù Áfíríkà ní Auckland, ní ilẹ̀ New Zealand. Òtútù ibẹ̀ kò le, ó sì ń bí sí i. Ṣùgbọ́n irú mìíràn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun ni onílé. A ó rò pé oúnjẹ ni wọn yóò jà sí. Ti ìyàwó ló burú jù. Òórùn abo àlejò ń fa akọ onílé ju ti abo tirẹ̀ lọ. Bí ó bá sún mọ́ ọn, abo náà a máa pa á jẹ. Báyìí ni onílé ṣe ń dín kù. Ibi tí àlejò kò tíì dé ní gúúsù, níbi tí òtútù ti mú díẹ̀ sí i, onílé ṣì ń ráyè jẹun.