Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ohun Tó Ṣẹ́kù Ni Èrè Awakọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń yáwó ẹgbẹ́ láti fi ra ọkọ̀ tí wọn yóò máa fi gbé èrò tó bá fi fóònù pè wọ́n. Iṣẹ́ gidi ni. Uber bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2014, Taxify tó di Bolt ní 2019 tẹ̀ lé e, iṣẹ́ náà sì ti bọ́ ọ̀pọ̀ ilé láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n awakọ̀ mìíràn á ṣe é fún ọdún méjì, ọkọ̀ á ti gbó, gbèsè ẹgbẹ́ á sì wà nílẹ̀. Kí ló fà á? Owó tó ń wọlé ló ń kà, kò ka èyí tó ṣẹ́kù. Bẹ́ẹ̀ alájẹṣẹ́kù ni à ń pe ara wa!

Ẹ mú bírò àti ìwé. Kí ìṣirò lè rọrùn, ká sọ pé lítà epo kan jẹ́ náírà 1,000, pé lítà kan ń gbé ọkọ̀ dé kìlómítà 10, àti pé ilé-iṣẹ́ ń yọ náírà 25 nínú 100.

Èrò kìíní san 5,000. Awakọ̀ rin kìlómítà 5 lọ bá a, ó gbé e rin 20, ó sì rin 15 bọ̀ lófìfo. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 40. Ilé-iṣẹ́ yọ 1,250, ó ku 3,750. Epo lítà 4 jẹ́ 4,000. Awakọ̀ ti fi 250 tọrẹ, a ò tíì dárúkọ táyà àti ọ́ìlì o.

Èrò kejì san 2,500 péré. Awakọ̀ rin kìlómítà 2 lọ bá a, ó gbé e rin 6, ẹlòmíràn sì pè é níbi tó já a sí. Ilé-iṣẹ́ yọ 625, epo jẹ 800. Ó ku 1,075. Owó kékeré yìí ló mú èrè wá. Nítorí náà:

1. Ẹ ṣọ́ ìrìn òfìfo. Kí ẹ tó gba ìpè, ẹ wo bí èrò ṣe jìnnà tó, àti ibi tó ń lọ bí fóònù bá fi hàn. Bí kò bá sí èrò láti gbé bọ̀, owó náà gbọ́dọ̀ tó ti àlọ àti àbọ̀. Ẹ má sì torí pé owó lé ní Lẹ́kí kí ẹ sáré kúrò ní Ìkẹjà. Kí ẹ tó la sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ orí afárá Third Mainland já, owó ti lè wálẹ̀.

2. Ẹ mọ àkókò ọjà. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ ni èrò máa ń pọ̀. Ẹ ti wà níbi tí wọ́n wà kí àkókò náà tó dé. Bí ọjà bá tutù lọ́sàn-án, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ sùn díẹ̀. Oorun ojú ọ̀nà ti ba ọkọ̀ jẹ́, ó ti pa ènìyàn.

3. Ẹ san owó ọkọ̀ fún ọkọ̀. Ká sọ pé ẹ ń yọ náírà 50 sọ́tọ̀ fún kìlómítà kan. Bí ẹ bá rin 100 lóòjọ́, 5,000 nìyẹn. Ẹ fi pamọ́ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Táyà, bíréèkì àti ọ́ìlì, kò sí èyí tí kò ní béèrè tirẹ̀. Ẹni tí kò fi nǹkan pamọ́, ọjọ́ tí gíà bá kọṣẹ́ ló máa tún wá bá akọ̀wé fún ẹ̀yáwó mìíràn.

4. Owó ọwọ́ kì í ṣe tiwa tán. Bí èrò bá san owó lọ́wọ́, ti ilé-iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ná gbogbo rẹ̀ ń jẹ gbèsè, wọ́n sì lè ti ìpè mọ́ ọn títí yóò fi san án.

5. Bí epo bá gbówó lórí, ẹ tún ìṣirò ṣe. Ẹ rántí May 2023 tí ìjọba kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà tí kò tó 200 ní Èkó kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìpè tó ń mú èrè wá lánàá lè di àdánù lónìí.

Ìbéèrè fún ìpàdé: (a) Bí a bá yọ náírà 50 fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan, èló ló ṣẹ́kù lára owó èrò kejì? (b) Èló ni èrò kìíní ìbá san kí awakọ̀ tó jèrè? Kí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan kọ kìlómítà, epo àti owó tó wọlé fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó mú ìwé náà wá.

Nínú ohun tó bá ṣẹ́kù ni kí á ti san gbèsè ẹgbẹ́, kí ọkọ̀ lè di tiwa nígbà tó ṣì lágbára. Ẹgbẹ́ á gbè wá o.