Má Kàn Wọ́ Ẹsẹ̀ Tó Wú, Àbúrò Mi

Àbúrò mi, ẹ̀jẹ̀ ní ibi tó yẹ kó ti dì, ó sì ní ibi tí kò gbọdọ̀ ti dì.

Bí ọ̀bẹ bá gé ọ níka nídìí ẹ̀fọ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gé yóò kọ́kọ́ fún ara rẹ̀ pọ̀. Àwọn platelets, ìyẹn àwọn ẹyọ tín-íntín inú ẹ̀jẹ̀, yóò rọ́ débẹ̀, wọn yóò lẹ̀ mọ́ra, okùn fibrin yóò sì wé wọn pọ̀ bí àwọ̀n. Nítorí náà, má máa ṣí i wò ṣáá. Fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 gbáko. Bí èépá bá yọ, má hó o. Bí egbò ṣe ń san, plasmin ni ara fi ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì náà díẹ̀díẹ̀.

Wàhálà dé bí ẹ̀jẹ̀ bá dì sínú iṣan láìjẹ́ pé nǹkan gé wa. Ẹsẹ̀ ló sábà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá já kúrò níbẹ̀, ó lè gba inú ọkàn kọjá lọ dí iṣan ẹ̀dọ̀fóró. Oyún a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, kí ìyá má baà ṣẹ̀jẹ̀ jù nígbà ìkúnlẹ̀, ewu náà sì pọ̀ títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbímọ. Bí ìyá ọkọ bá ní kí o sinmi, sinmi o, ṣùgbọ́n máa dìde rìn yí ilé ká. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì sínú iṣan ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ rí, sọ fún nọ́ọ̀sì kí o tó gba oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní estrogen.

Jíjókòó pẹ́ lójú kan náà lè fa ewu yìí: láti Èkó dé London ju wákàtí 6 lọ nínú bàálù. Má fi oorun gbé e tán. Máa na ẹsẹ̀, máa yí ọrùn ẹsẹ̀, máa mu omi.

Bí wọ́n bá kọ warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, fún ọ, má sá fún ẹ̀fọ́. Fítámì K inú rẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí náà iye tí ò ń jẹ ni kí o má yí padà lójijì. Má sì da àgbo pọ̀ mọ́ ọn láìsọ fún dókítà.

Èyí tó ṣe kókó jù rèé: bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó ń ro ọ́ lẹ́yìn ojúgun, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òrí wọ́ ọ. Gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà. Bí èémí rẹ ò bá wá délẹ̀ mọ́, tí àyà ń gún ọ, tàbí tí o wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, má dúró kí ilẹ̀ mọ́.